Ohùn Tó Ń Bá Gbọ́lá Mí

Ọmọ dáadáa ni Lábísí o. Ẹ jẹ́ kí n ti kọ́kọ́ fi ìyẹn síbẹ̀, torí ohun tí mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀ yìí lè mú kí ẹ rò pé oníwàhálà èèyàn ni. Aránṣọ ni, ní Sábó, nílùú Ìlaròó. Aṣọ ilé-ìwé ló ń rán jù. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kì í já oníbàárà kulẹ̀, tẹ̀ríntẹ̀rín ló sì máa ń kí èèyàn. Ìṣòro kan ṣoṣo tó ní ni pé ó ń jowú. Kì í ṣe owú tí olólùfẹ́ fi ń ṣẹ̀fẹ̀ fún ara wọn ni mo ń wí o. Èyí tó ń mú kí àyà èèyàn gbóná bí ẹni tó gbé omi híhó mì ni.

Kò ṣàdédé rí owú náà he. Sàláúdéènì, bàbá rẹ̀, oníṣòwò sìmẹ́ńtì ni, ó sì máa ń kọjá bọ́dà lọ sí Pọ̀bẹ̀, lápá Bẹ̀nẹ̀, nígbà tí Lábísí wà ní kékeré. Níbẹ̀rẹ̀, á sun ọjọ́ kan. Ó di ọ̀sẹ̀. Ó di oṣù. Nígbà tó yá, ẹnì kan wá sọ fún Màmá Hùmúàní, ìyá Lábísí, pé ọkọ rẹ̀ ti ní ìyàwó àti ọmọ lọ́hùn-ún, àti pé ó tiẹ̀ ti kọ́lé sí i. Ẹ̀yìn ìyẹn ni bàbá wá lọ pátápátá. Láti ìgbà náà, bí ọkùnrin kan bá ti dárúkọ bọ́dà lójú Màmá Hùmúàní, ńṣe ni á wò ó láti òkè délẹ̀, á sì kọjú sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ẹ wá wo ẹni tí ọmọ yìí lọ fẹ́ràn. Dírẹ́bà ni Gbọ́lá. Á kó èrò àti ẹrù láti Ìlaròó lọ sí Ìdí-Ìrókò, á gba ibẹ̀ kọjá sí Pọ̀bẹ̀, á padà. Iṣẹ́ rẹ̀ ojoojúmọ́ nìyẹn. Ó gbé sòkòtò wá sọ́dọ̀ Lábísí lọ́jọ́ kan pé ó fún òun. Lábísí bá a tú u. Ó tún padà wá pé ó ti tóbi jù. Lábísí bá a gbà á wọlé. Ó tún padà wá pé ó ti kúrú.

"Bọ̀ọ̀dá," ni Lábísí wí, "ṣé sòkòtò lẹ ń wá ni, àbí èmi?"

Gbọ́lá fọwọ́ nu ojú. "O ṣeun tó o bá mi sọ ọ́. Láti ìjẹta ni mo ti ń ronú bí màá ṣe gbé e kalẹ̀."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láràárọ̀, kí Gbọ́lá tó kó èrò, á pè é lórí fóònù: "Lábísí mi, mo fẹ́ gbéra o." Òun náà á ní, "Gbéra dáadáa, kó o sì tètè padà." Tí kò bá tíì gbọ́ ìpè yẹn, Lábísí kì í jókòó ti ẹ̀rọ.

Toheebat, tó ń ta àǹkárá nínú ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé ti Lábísí, ló gba iṣẹ́ alárinà. Ó fi díẹ̀ dàgbà ju Lábísí lọ, ó sì mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ó lọ bá Màmá Hùmúàní nílé.

"Ọkùnrin bọ́dà?" ni Màmá wí. "Toheebat, o mọ ilé yìí. O mọ ohun tójú mi rí. O wá gbé ọkùnrin bọ́dà wá fún ọmọ mi?"

"Màmá, ẹ má bínú. Gbogbo ọkùnrin kọ́ ni Bàbá Lábísí."

"Mo gbà pé gbogbo wọn kọ́. Ọ̀nà kan náà ṣáà ni wọ́n jọ ń gbà."

Toheebat bẹ̀bẹ̀ títí. Ó lọ, ó bọ̀, ó tún lọ. Nígbẹ̀yìn gbẹ́yín, Màmá Hùmúàní ní kí Gbọ́lá wá fúnra rẹ̀. Gbọ́lá dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Màmá ní, "Èmi ò ní kó o má ṣiṣẹ́ o. Àmọ́ o ò gbọdọ̀ sun òdìkejì. Ọjọ́ tó o bá sun ọ̀hún láìsí ìdí tí mo lè fojú rí, ká má wulẹ̀ pe ara wa ní àna mọ́." Gbọ́lá gbà. Wọ́n ṣe mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́, wọ́n sì fi ìgbéyàwó sí Disemba.

Àfi bí ìjọba ṣe ti bọ́dà lóṣù Ògọ́ọ̀sì, ọdún 2019. Gbọ́lá ti gbé ẹrù kọjá lọ́jọ́ náà. Nígbà tó máa fi padà, wọn ò jẹ́ kí bọ́ọ̀sì rẹ̀ kọjá. Ó rò pé wọ́n á ṣí i lọ́jọ́ kejì. Wọn ò ṣí i. Inú bọ́ọ̀sì ló ń sùn, ó ń retí, ó ń pe Lábísí, ó ń ṣàlàyé. Màmá Hùmúàní ò tiẹ̀ fẹ́ gbọ́ àlàyé. "Ó ti bẹ̀rẹ̀," ló ń sọ ṣáá. "Bí ti bàbá ẹ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn."

Toheebat ló tún gbẹnu sí i. "Màmá, ìjọba ló ti bọ́dà o, kì í ṣe Gbọ́lá."

"Mo gbọ́. Mò ń wò ó."

Gbọ́lá fi bọ́ọ̀sì rẹ̀ sílẹ̀ ní gáréèjì Pọ̀bẹ̀, ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó sì fẹsẹ̀ rìn wọ Nàìjíríà. Nígbà tó dé Ìlaròó, Lábísí ò kọ́kọ́ dá a mọ̀. Ó ti rù, ojú rẹ̀ ti jìn. Ó ní àìsàn ṣe òun lọ́hùn-ún, pé àyà òun ṣàdédé ń lù kìkìkì, ọwọ́ òun ń gbọ̀n, òun sì rò pé ikú ló dé. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò nílé ìwòsàn ní Pọ̀bẹ̀, wọn ò rí nǹkan kan lọ́kàn rẹ̀. Wọ́n ní ìdààmú ni.

"Wọ́n kọ́ mi ní ohun kan níbẹ̀," ló wí. "Mo máa ń jókòó jẹ́ẹ́ láàárọ̀ báyìí, lórí ẹní, kí n tó ṣe ohunkóhun. Àyà mi á sì rọ̀."

"Kí lo máa ń ṣe tó o bá jókòó?"

"Mo máa ń mí ni."

Lábísí bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé o kì í mí tẹ́lẹ̀ ni?"

Ó fi rẹ́rìn-ín lásán ni o. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi kọjá ẹ̀rín. Ìpè àárọ̀ dáwọ́ dúró. Bí Lábísí bá pe Gbọ́lá láàárọ̀, fóònù á dún títí, kò ní gbé e. Ìgbà tí oòrùn bá ti yọ tán ni á tó pè padà: "Mo ń jókòó ni." Lójoojúmọ́, "mo ń jókòó ni." Lábísí á dúró ti ẹ̀rọ rẹ̀, abẹ́rẹ́ á wà lẹ́nu rẹ̀, ọkàn rẹ̀ á máa rò ó, á máa tú u, á tún máa rò ó. Irú ìjókòó wo ni àgbàlagbà ń jókòó tí kò lè gbé fóònù ẹni tó fẹ́ fẹ́?

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó po ògì, ó ra àkàrà, ó ní òun á lọ bá a jẹun kí òun tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó dé ẹnu ọ̀nà yàrá Gbọ́lá, ó nawọ́ pé kóun kan ilẹ̀kùn, ló bá gbọ́ ohùn obìnrin nínú ilé. Ohùn náà rọ̀, kò kánjú, Faransé ló sì ń sọ. Lábísí ò gbọ́ Faransé ju "bọ́nsúù" tí gbogbo wa gbọ́ lọ. Ó kàn ń gbọ́ "dúsìmọ́ọ̀n, dúsìmọ́ọ̀n," nígbà tó sì ṣe díẹ̀, ó gbọ́ "Gbọ́lá" ketekete. Ohùn náà á sọ̀rọ̀, á dákẹ́. Gbọ́lá á mí kanlẹ̀. Ohùn náà á tún sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin obìnrin tó ń ka ìtàn yìí, ẹ gbé e yẹ̀ wò. Ẹ gbé ògì dání lẹ́nu ọ̀nà ẹni tí ẹ fẹ́ fẹ́, obìnrin kan ń pe orúkọ rẹ̀ nínú yàrá, òun náà sì ń mí kanlẹ̀ fún un lésì. Kí lẹ máa ṣe? Ohun tí ẹ máa ṣe yẹn náà ni Lábísí ṣe. Ó ti ilẹ̀kùn gbàá!

Gbọ́lá nìkan ló wà nínú yàrá. Ó jókòó sórí ẹní, ó káwọ́ lé itan, fóònù rẹ̀ wà níwájú rẹ̀. Ó ta gìrì.

"Ta nìyẹn?" ni Lábísí bi í.

"Ta ni ta?"

"Gbọ́lá, má fi mí ṣeré! Obìnrin tó ń pè ọ́!"

"Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú mi ní Pọ̀bẹ̀ ni. Felisité lorúkọ rẹ̀. Ó gbà á sílẹ̀ sórí fóònù ni, kí n lè máa fi jókòó. Ọmọ Kútọnu ni, kò gbọ́ Yorùbá, Faransé la jọ ń sọ."

"O ò sọ fún mi pé obìnrin ni."

"Torí mo mọ ojú tó o máa fi wò mí. Ojú tó o fi ń wò mí yìí."

"Kí ló wá ń pe orúkọ ẹ fún?"

"Èmi ló ṣe é fún, Lábísí."

"Ìwọ nìkan? Nínú gbogbo aláìsàn tó wà ní Pọ̀bẹ̀, ìwọ nìkan ló ṣe é fún?"

Gbọ́lá ò fèsì. Ó wo ẹní. Lábísí gbé ògì kalẹ̀, ó sì jáde.

Láti ọjọ́ náà ni oorun ti dá lójú rẹ̀. Bó bá ń gé aṣọ, ohùn yẹn ni. Bó bá ń jẹun, ohùn yẹn ni. Ó tiẹ̀ dúró níwájú díńgí nínú ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń gbìyànjú láti fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, "Gbọ́lá… dúsìmọ́ọ̀n." Toheebat yọjú láti ẹ̀gbẹ́ kejì: "Lábísí, ṣé ọ̀fun ń dùn ẹ́ ni?" Ojú tì í débi pé ó di ẹ̀rọ mú, ó sì ń rán aṣọ láìsí òwú nínú ẹ̀rọ.

Èyí tó tún wá dun ún jù ni pé Gbọ́lá ò bá a jà mọ́. Tẹ́lẹ̀, tí wọ́n bá ní gbólóhùn asọ̀, Gbọ́lá á pariwo, òun náà á pariwo, wọ́n á fi ẹ̀rín parí ẹ̀. Nísinsìnyí, bó bá ti bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́, Gbọ́lá á dákẹ́ díẹ̀, èjìká rẹ̀ á sọ̀, á wá fèsì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n Toheebat, ẹ gbà mí!" ni Lábísí wí. "Mò ń bá a jà, ó ń mí! Ó ń mí sí mi lójú! Ta ló fún un ní ìfọ̀kànbalẹ̀ yẹn? Obìnrin yẹn ni. Tí ọkàn rẹ̀ bá ti balẹ̀ báyẹn níwájú mi, obìnrin yẹn ló wà pẹ̀lú."

Toheebat rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín rẹ̀ ò dénú. "Ṣọ́ra ẹ, àbúrò. Màmá ẹ ṣì ń wò ó, ìwọ náà tún ń wò ó. Ọmọ èèyàn kì í gbé lábẹ́ ojú tó pọ̀ báyẹn."

Lábísí ò gbọ́. Lọ́jọ́ Sátidé kan ó wà nílé Gbọ́lá, Gbọ́lá wọ balùwẹ̀, fóònù rẹ̀ sì wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Lábísí mọ nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣí i. Gbọ́lá fúnra rẹ̀ ló fún un, látìgbà tí wọ́n ti ń fẹ́ra wọn, pé kò sí ohun tóun fi pa mọ́. Ó wọ Wọ́sáàpù. Ó rí àwọn ohùn náà, wọ́n tẹ̀ léra wọn, títí kan èyí tó wọlé lánàá. Ó fi wọ́n àti nọ́ńbà obìnrin náà ránṣẹ́ sórí fóònù tirẹ̀, ó ní ẹ̀rí ni. Lẹ́yìn náà ó pa gbogbo wọn rẹ́, ó bulọ́ọ̀kù nọ́ńbà Felisité, ó sì dá fóònù padà síbi tó ti mú un. Nígbà tí Gbọ́lá jáde, Lábísí ń ká aṣọ rẹ̀ fún un, ó ń kọrin lábẹ́nu.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, inú rẹ̀ dùn. Inú rẹ̀ dùn gan-an fún bí ọjọ́ mélòó kan.

Nígbà yẹn, ọ̀gá kan ti gba Gbọ́lá pé kó máa bá òun fi ọkọ̀ kó ẹ̀gẹ́ láti Ayétòrò, níwọ̀n bí bọ́ọ̀sì tirẹ̀ ti há sí Pọ̀bẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, Toheebat sáré wọ ṣọ́ọ̀bù Lábísí, gèlè rẹ̀ ti tú.

"Gbọ́lá ti dákú lójú ọ̀nà Ayétòrò. Wọ́n ní ó ṣáà rí i pé àyà òun ń lù, ó yà sẹ́bàá ọ̀nà, kò sì lè sọ̀kalẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà ló gbé e lọ sílé ìwòsàn. Dìde!"

Bí wọ́n ṣe dé Ayétòrò, Lábísí ò mọ̀. Ó bá Gbọ́lá tó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fi nǹkan so ọwọ́ rẹ̀ tí wọ́n fi ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó rí Lábísí, ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín.

"Má sunkún. Mi ò tíì kú," ló wí. "Fóònù mi ló bàjẹ́, ó pa gbogbo ohùn yẹn rẹ́. Mo sì pe nọ́ọ̀sì yẹn lórí ẹ̀, kò lọ. Mo gbìyànjú kí n dá jókòó, kò ṣeé ṣe. Gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ló ń rọ́ wọ orí mi lẹ́ẹ̀kan náà, bọ́ọ̀sì mi, ìgbéyàwó wa, màmá ẹ."

Kò tiẹ̀ wá sí i lọ́kàn pé ọwọ́ Lábísí ni. Ìyẹn gan-an ló pa ọmọbìnrin náà lára. Ẹnu rẹ̀ wúwo, kò lè jẹ́wọ́. Ó di ọwọ́ Gbọ́lá mú títí wọ́n fi ní kí àwọn àlejò máa lọ.

Nígbà tó délé, ó bá Màmá Hùmúàní lẹ́yìnkùlé níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. Mi ò tíì sọ fún yín pé ìyá yìí ń ta epo pupa, ó sì ní oníbàárà lápá Bẹ̀nẹ̀. Láti kékeré ni Lábísí ti mọ̀ pé ìyá òun gbọ́ Faransé. Kò béèrè rí bó ṣe kọ́ ọ. Ó kúnlẹ̀, ó gbé fóònù fún un, ó ní, "Màmá, ẹ bá mi gbọ́ ohun tí obìnrin yìí ń sọ. Ẹ má fi nǹkan kan pa mọ́ fún mi."

Màmá gbé fóònù sétí. Ta ló tún kù tó lè ba ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ ju ìyá yìí lọ? Látìgbà tí wọ́n ti ti bọ́dà ló ti ń wá ẹ̀sùn. Màmá gbọ́ ọ títí. Ó di ojú. Èjìká rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú ẹ̀wà, ó sì mí kanlẹ̀.

"Màmá?"

"Kò sí nǹkan níbẹ̀," ni Màmá wí. Ohùn rẹ̀ yí padà. "Ó ní kó mí sínú, kó mí síta, kó má sáré. 'Dúsìmọ́ọ̀n' tó ń sọ yẹn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni. Ó ní tí ìbẹ̀rù bá dé, kó má lé e, kó má sì tẹ̀ lé e, kó ṣáà padà sídìí èémí rẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kankan níbẹ̀, ọmọ mi. Mo wá a o. Mo wá a dáadáa."

Lábísí bú sẹ́kún. Ó jẹ́wọ́ gbogbo ohun tó ṣe. Màmá Hùmúàní ò bá a wí. Ó ní, "Ǹjẹ́ o mọ ìdí tí mo fi kọ́ Faransé?"

"Nítorí àwọn oníbàárà yín."

"Irọ́ ni. Ohun tí mo máa ń sọ fáráyé nìyẹn. Bàbá ẹ máa ń dúró síbi ìgbọ̀nsẹ̀ yẹn, á máa bá obìnrin ọ̀hún sọ̀rọ̀ lórí fóònù, Faransé ni á máa sọ, kí n má bàa gbọ́. Mo lọ bá tíṣà kan tó háyà yàrá níwájú ilé wa, mo ní kó kọ́ mi. Mo fi tọkàntọkàn kọ́ ọ. Nígbà tó fi máa lọ, kò sí gbólóhùn kan tó ń sọ fún obìnrin yẹn tí mi ò gbọ́. Mo gbọ́ ìgbà tó ń bẹ̀ ẹ́. Mo gbọ́ ìgbà tó dá ọjọ́ tó máa kó lọ. Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀, Lábísí, ó sì lọ. Ohun tí mo fi gbígbọ́ náà jẹ kò ju kí n máa sunkún ṣáájú ọjọ́ ẹkún."

Lábísí fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ẹ wo bí owú ṣe rí o, lẹ́yìn gbogbo èyí, ó ṣì ní ìbéèrè kan. "Màmá, ẹ bá mi pè é. Ẹ bi í bóyá ó fẹ́ràn Gbọ́lá."

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ tán ni o!"

"Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Màmá wò ó pẹ́, ó wá pe nọ́ńbà náà. Felisité gbé e. Wọ́n kíra, Màmá sọ fún un pé Gbọ́lá wà nílé ìwòsàn, ohùn obìnrin náà sì gbọ̀n. Lẹ́yìn náà ni Màmá bi í ní ìbéèrè yẹn. Felisité sọ̀rọ̀, kò pọ̀. Màmá dúpẹ́, ó sì pa fóònù.

"Ó ní bẹ́ẹ̀ ni."

Lábísí fò dìde.

"Jẹ́ kí n parí ẹ̀. Ó ní díẹ̀. Ó ní òun ò sọ fún un rí, òun ò sì ní sọ ọ́, torí pé gbogbo ìgbà tí àyà ń já a lọ́hùn-ún, ìwọ ló ń dárúkọ." Màmá gbé igbá ẹ̀wà rẹ̀. "Ká ní mo fẹ́ kí ẹ tú ká ni, ibi 'bẹ́ẹ̀ ni' yẹn ni ǹ bá ti dúró."

Nígbà tí Gbọ́lá padà sí Ìlaròó, Lábísí lọ bá a, ó dá gbogbo ohùn náà padà sórí fóònù rẹ̀, ó tú nọ́ńbà tó bulọ́ọ̀kù sílẹ̀, ó sì jẹ́wọ́. Kò sọ ti "bẹ́ẹ̀ ni" yẹn o. Ìyẹn ò lè jáde. Ó ti ń ṣàárò ìjà láti ọjọ́ yìí, ó rí ìjà. Gbọ́lá ò mí kanlẹ̀ rárá lọ́jọ́ yẹn.

"O rí mi tí mò ń kú lọ, Lábísí! O dì mí lọ́wọ́ mú ní Ayétòrò, o ò sọ̀rọ̀! Ṣé bí wàá ṣe máa ṣe mí nìyí? Tí mo bá ní ọ̀rẹ́, wàá pa á rẹ́? Tí mo bá dákẹ́, wàá wá inú mi wò?"

"Gbọ́lá, jọ̀ọ́."

"Jẹ́ ká ṣì dá Disemba yẹn dúró. Mi ò ní mi ò fẹ́ ẹ mọ́. Mi ò ṣáà mọ ibi tí màá fi ara mi sí tí mo bá fẹ́ ẹ."

Lábísí fẹsẹ̀ rìn padà sílé, kò wo ẹ̀gbẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kò sí ìpè, kò sí ẹni tó máa pè. Ó tẹ́ ẹní sí yàrá rẹ̀, ó jókòó, ó tan ohùn Felisité. Kò tíì gbọ́ ju "dúsìmọ́ọ̀n" kan lọ tí ara rẹ̀ fi gbóná, ló bá pa á. Ohùn yẹn ò ní lè kọ́ òun ní nǹkan kan láyé yìí! Màmá Hùmúàní ló gbọ́ bó ṣe ń kùn, ló bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹ̀wà tó ń ṣà, ó ń bá a tú ọ̀rọ̀ náà sí Yorùbá.

"Mí sínú. Mí síta. Mo ní kó o mí síta! Kí lò ń há a mọ́ra fún?"

"Màmá, ẹ ń pariwo."

"Ohùn tí Ọlọ́run fún mi nìyí. Mí sínú."

Ẹ má rò pé ó rọrùn. Bí Lábísí bá ti di ojú, Felisité á ti jókòó síwájú rẹ̀. Kò rí obìnrin náà rí, síbẹ̀ ó mọ irú ìdí tó ní, ó mọ irú eyín tó fi ń rẹ́rìn-ín, ó mọ bó ṣe ń fọwọ́ kan iwájú orí Gbọ́lá. Á fẹ́ dìde kó lọ wo fóònù. Màmá á ní, "Má lé e, má sì tẹ̀ lé e. Padà sídìí èémí ẹ." Á padà. Á tún lọ. Á tún padà. Àwọn ọjọ́ kan wà tó jẹ́ pé ẹkún ló fi parí ẹ̀, àwọn ọjọ́ kan sì wà tó sùn lọ níbẹ̀. Owú náà ò lọ. Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ṣàkíyèsí pé òun ti ń wò ó láti ìgbà díẹ̀, bó ṣe gbóná láyà, bó ṣe gòkè dé ọ̀fun, bó ṣe rọlẹ̀, òun ò sì dìde. Ó ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu. Nígbà yẹn náà ni ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ṣì wà lọ́wọ́ òun tí òun dì mú, àti pé bí òun bá fẹ́ Gbọ́lá láìsọ ọ́, òun á máa ṣọ́ ọ títí ayé.

Disemba kọjá, wọn ò ṣègbéyàwó. Ọyẹ́ dé, bọ́dà ṣì wà ní títì. Toheebat ló ń gbé ìkíni láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹnì kejì, kò sì dá sí i ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan ní Jánúárì, Gbọ́lá kan ilẹ̀kùn wọn. Ó ti sanra díẹ̀. Ó kí Màmá Hùmúàní, ó dọ̀bálẹ̀, Màmá sì wọ yàrá lọ, ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ láìtì í. Gbọ́lá jókòó sórí ẹní níwájú Lábísí.

"Mo ti rò ó," ni Gbọ́lá wí. "Mo lè jókòó láìlo ohùn báyìí. Tó bá jẹ́ nítorí obìnrin yẹn ni ọkàn ẹ ò fi balẹ̀, màá pa nọ́ńbà rẹ̀ rẹ́ lójú ẹ báyìí." Ó ti mú fóònù jáde.

Ẹ wò ó, ohun tí Lábísí ti ń gbàdúrà fún láti ọjọ́ yìí ló dé yìí. Ó wo fóònù náà. Ọwọ́ rẹ̀ fẹ́ lọ.

"Má pa á rẹ́," ló wí. "Mo ní ohun kan láti sọ fún ẹ. Ó fẹ́ràn ẹ. Màmá mi bi í, ó sì ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó yẹ kó o mọ̀ kó o tó fẹ́ mi. Ìwọ lo ni ọ̀rọ̀ náà, èmi ni mo gbé e pa mọ́."

Gbọ́lá dákẹ́. Láyé àtijọ́, Lábísí ì bá ti da ìbéèrè bò ó: kí lò ń rò, ṣé òun lò ń rò, sọ̀rọ̀! Ó jókòó. Àyà rẹ̀ ń gbóná. Ó mí sínú, ó mí síta, ó sì jẹ́ kí ọkùnrin náà dákẹ́.

"Mo mọ̀," ni Gbọ́lá wí.

"O mọ̀?"

"Láti Pọ̀bẹ̀ ni mo ti mọ̀. Èèyàn máa ń mọ̀. Bó o ṣe bi mí lọ́jọ́ yẹn bóyá èmi nìkan ló ṣe é fún, mi ò lè fèsì, torí mo mọ̀. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì fi bọ́ọ̀sì mi sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, mo wá sílé." Ó fi fóònù sápò. "Lábísí, ṣé wàá lè gbé pẹ̀lú ẹni tó o ò lè mọ gbogbo ohun tó ń rò? Màá ní ohun tí mi ò ní sọ. Kì í ṣe ohun burúkú. Nǹkan tèmi ṣáà ni. Ṣé wàá lè ṣe é?"

Lábísí fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni kíákíá, kó má lọ. Ó dá ara rẹ̀ dúró. Owú náà ti tún jí, ó ti ń béèrè pé kí ni Gbọ́lá àti obìnrin yẹn tún jọ sọ tí òun ò gbọ́.

"Mi ò mọ̀, Gbọ́lá," ló wí. "Òjòwú ni mí. Ó ń bẹ níbí báyìí, ó ń jó mi láyà bó o ṣe jókòó yìí. Mi ò lè ṣèlérí pé ó máa lọ. Mo ṣáà lè gbìyànjú ẹ̀ láràárọ̀."

Gbọ́lá wò ó. Ó sún mọ́ ọn lórí ẹní, títí èjìká wọn fi kanra. "Láràárọ̀ náà ti tó mi," ló wí.

Nǹkan kan rìn lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Màmá Hùmúàní yọrí síta, kò tiẹ̀ díbọ́n pé òun ò gbọ́.

"Ó dáa," ló wí. "Ẹ pe Toheebat wá kó wá bá wa mú ọjọ́ mìíràn. Ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́ o, epo tí mo fi pa mọ́ fún ìgbéyàwó yìí ti fẹ́ dì."